Àpótí Tí Ó Ń Tẹ̀lé Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti díẹ̀ nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pàápàá, ni ó ti bi mí léèrè ìdí tí a fi ń béèrè orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ olúkúlùkù kí ó tó lè fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní níbi tí àwọn ti wá, bí ènìyàn bá ti jókòó, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì fẹ́ fi "òfin ni" dáhùn rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀, kí ẹni tí yóò di olùkọ́ ní Tamale tàbí ní Ìbàdàn, ní Sokodé tàbí ní Sakété, lè ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá fa kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ náà kò ní pẹ́ dé, nítorí olùkọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù lọ ni wọ́n sábà máa ń fà á lé lọ́wọ́, yálà ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Kí n tó dé ilé-ẹ̀kọ́ yìí, mo ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní ìlú Kumasi yìí kan náà, èyí tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà 24 ni ó wà nínú yàrá wa níbẹ̀. Orúkọ ìwọlé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, èyí nì ni "student". A sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sí igun pátákó. Ó rọrùn, a kò sì rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kẹsàn-án ní ọjọ́ Ajé ní láti padà sórí kẹsàn-án náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ẹlòmíràn bá sì ti jókòó síbẹ̀, yóò dúró tì í lẹ́yìn bí ẹni tí ó ń dúró de omi ẹ̀rọ.

Ọmọbìnrin kan wà ní ọdún ìkẹyìn tí ó ń kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí bí àwọn ọmọ kékeré ṣe ń kọ́ ìṣirò ní èdè Twi. Ó ti kọ nǹkan bí ojú ewé 40. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ẹlòmíràn fẹ́ kó fídíò sórí kọ̀ǹpútà kan náà, ó rí i pé àyè ti tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ rẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Kò tilẹ̀ mọ ẹni tí ó ni wọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin náà dúró sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, iṣẹ́ mi kò sí níbẹ̀ mọ́." Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó kù tí wọn yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn. A wá inú díìsìkì náà títí di alẹ́, ojú ewé 11 ni a sì rí gbà padà. Ó tún ìyókù kọ ní òru méjì, ó sì fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé èyí tí òun kọ lẹ́ẹ̀kejì kò tó ti àkọ́kọ́. Kò sì sí ẹni tí a lè bá wí. Lójú kọ̀ǹpútà, "student" ni ó kọ ìwé náà, "student" náà ni ó sì pa á rẹ́. Ènìyàn kì í sì í jalè ohun ara rẹ̀.

Bí ẹ bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ìbéèrè méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkínní ni pé: ta ni ìwọ tí o jókòó síbí yìí? Èkejì ni pé: níbo ni ẹrù rẹ wà? Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé-ẹ̀kọ́ ní Gánà mọ chop box, àpótí onípákó tí a fi ń kó gàrí, ṣúgà àti shito lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí àgádágodo wà ní ẹnu rẹ̀. Nígbà tí Kumasi College of Technology ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1952, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ 200 tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tí a kó wá láti Achimota. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni ó di yunifásítì ní ọdún 1961, òun sì ni a ń pè ní KNUST lónìí. Mo sábà máa ń ronú nípa ẹrù àwọn 200 wọ̀nyẹn bí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, tí olúkúlùkù ń wá àpótí tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe fún yín lórí kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé àpótí tiwa máa ń rìn. Bí o bá jókòó sórí kọ̀ǹpútà kẹta, àpótí rẹ wà níbẹ̀. Bí o bá ṣí lọ sórí ìkẹtàlélógún, ó ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ. Àwọn onímọ̀ Unix ń pe àpótí yìí ní home, èyí tí í ṣe ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni èyí. Ní ọdún 1961, ní MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ètò kan hàn tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nígbà kan náà. Kọ̀ǹpútà wọ́n gógó nígbà náà, ẹgbẹ́ ènìyàn sì ni ó ń pín in lò. Nítorí náà ni wọ́n fi fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kí fáìlì ẹni kan má baà di ti ẹni kejì. Ní àárín àwọn ọdún 1960, àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ lórí ètò kan náà yìí: fáìlì tí ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀ gba ipò ìkíni tí ó máa ń hàn sí ẹni tí ó bá wọlé, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì wọlé ń ka àṣírí gbogbo ilé. Láti ìgbà náà wá ni ọgbọ́n ti ń kọ́ wa pé kí a má ṣe pa ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ bí a ti kọ ọ́. À ń lọ̀ ọ́ ni, bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́ tí a sì ń yan án di gàrí, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ gàrí di ẹ̀gẹ́ padà. Bí o bá tẹ ọ̀rọ̀ rẹ, kọ̀ǹpútà yóò lọ̀ ọ́ lọ́nà kan náà, yóò sì wò ó bóyá gàrí méjèèjì bá ara wọn mu. Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ti gbàgbé fún yín, bí ó ti wù kí ẹ bẹ̀ mí tó. Tuntun nìkan ni mo lè fún yín.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìwé ìwádìí tí ó sọnù yẹn, mo pinnu láti tún yàrá wa ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kejì, mo sì fi èkínní sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ibẹ̀ sì ni mo ti ṣìnà.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo yan kọ̀ǹpútà kan tí díìsìkì rẹ̀ tóbi, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ ń gbà, mo sì sọ ọ́ di ìyá fún àwọn tí ó kù. Server ni àwọn onímọ̀ ń pe irú èyí; kọ̀ǹpútà ìyá ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín. Gbogbo àpótí wà lọ́dọ̀ ìyá. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ó kù ń nawọ́ sí i láti inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àpótí náà sì ń hàn lójú wọn bí ẹni pé inú tiwọn ni ó wà. Ọ̀nà tí mo lò ni NFS, tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde ní ọdún 1984, tí a sì ń lò káàkiri àgbáyé títí di òní. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni. Inú mi dùn púpọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ láti orí kọ̀ǹpútà kan dé èkejì, tí mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú olúkúlùkù wọn. Ohun tí n kò kà sí ni pé Linux kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ḿbà ni ó mọ̀. Orúkọ tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà wà fún ojú ènìyàn nìkan. Ní abẹ́ rẹ̀, nọ́ḿbà ni ó ni fáìlì. Lórí Ubuntu tí a ń lò, ẹni àkọ́kọ́ ni 1000, èyí tí í ṣe tèmi olùtọ́jú, ẹni tí a bá kọ tẹ̀lé e ni 1001, lẹ́yìn rẹ̀ 1002, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ti tò wá bá mi ni mo ń kọ wọ́n. Lórí kọ̀ǹpútà kẹta, ọmọkùnrin kan tí n ó pè ní Kwabena ni ó kọ́kọ́ dé, ó sì gba 1001. Ọmọbìnrin kan tí n ó pè ní Ramatu tẹ̀lé e, ó gba 1002. Lórí kọ̀ǹpútà keje, Ramatu ni ó kọ́kọ́ dé. Ó gba 1001 níbẹ̀.

Ẹ ti lè rí ohun tí ó tẹ̀lé e. Orí kẹta ni àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, nítorí náà nọ́ḿbà kẹta ni ìyá fi sí ara àpótí wọn. Ní ọjọ́ kan Ramatu jókòó sórí keje. Ó tẹ orúkọ rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, méjèèjì sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá béèrè pé nọ́ḿbà ta ni ó ń kanlẹ̀kùn, keje dáhùn pé 1001 ni. Àpótí tirẹ̀ kọ̀ láti ṣí fún un. Ti Kwabena sì ṣí. Ibẹ̀ ni ó ti rí lẹ́tà tí Kwabena kọ sí bàbá rẹ̀ nípa owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò tíì san, àti ohun tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ fún un nípa rẹ̀. Ramatu kò tú ẹrù ẹnikẹ́ni. Ó rò pé tòun ni òun ń ṣí. Ó pa lẹ́tà náà dé, ó sì wá sọ fún mi ní jẹ́jẹ́. Ìgbà tí mo sọ fún Kwabena ni ó ṣòro. Mo bẹ̀ ẹ́, nítorí èmi ni mo jẹ̀bi. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n títí ó fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, kò tún kọ ohunkóhun tí ó kan ilé rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà wa.

Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí ìwé orúkọ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. A kì í kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sínú kọ̀ǹpútà 24. Ọ̀dọ̀ ìyá ni a ń kọ ọ́ sí, lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú nọ́ḿbà kan tí yóò jẹ́ tirẹ̀ níbi gbogbo. Sun ni ó kọ́kọ́ mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀, wọ́n sì pè é ní Yellow Pages. British Telecom ni ó ni orúkọ yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà wọ́n yí i padà sí NIS. Ṣùgbọ́n títí di òní, lẹ́tà y àti p ṣì wà ní iwájú àwọn àṣẹ rẹ̀, bí ìlà ojú tí kì í parẹ́. Lónìí, LDAP ni ọ̀pọ̀ ń lò, èyí tí a ṣe ní Yunifásítì Michigan tí ó sì jáde ní ọdún 1993. Níbi tí Windows bá pọ̀ sí, Active Directory ni. Ẹni tí kò bá sì ní owó rẹ̀ lè fi Samba ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìparí ọdún 2012.

Nítorí náà, nígbà tí o bá tẹ orúkọ rẹ ní òwúrọ̀, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà iwájú rẹ bi ìyá léèrè bóyá ó mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ní òun mọ̀ ọ́n, nọ́ḿbà rẹ̀ ni 1057, àpótí rẹ̀ sì wà ní ibi báyìí. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò. Bí ó bá bá a mu, kọ̀ǹpútà náà fa àpótí 1057 wá, ó sì ṣí i. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Nípa orúkọ, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àwa sì gbàgbé láti wo ilé. Mo kọ́kọ́ ní kí olúkúlùkù máa lo orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ní ilẹ̀ Àṣáńtì, ọjọ́ tí a bí ọmọ ni ó ń fún un ní orúkọ: Kofi ni ti ọjọ́ Ẹtì, Kwame ni ti Àbámẹ́ta, Kwasi ni ti Àìkú. Ọjọ́ méje ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì wà nínú kíláàsì lé ní 40. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ní Kofi mẹ́fà. Táíwò àti Kẹ́hìndé náà kò wọ́n láàrin wa. Lónìí, orúkọ bàbá àti lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ẹni ni a ń lò, nọ́ḿbà kékeré sì ń tẹ̀lé e bí ẹni méjì bá pàdé. Ẹ fiyè sí i pẹ̀lú pé lẹ́tà kékeré a dé z lásán ni a fi ń kọ orúkọ ìwọlé. Ẹni tí ń jẹ́ Ṣọlá yóò di sola, ɔ àti ɛ ti èdè Twi yóò sì di o àti e. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n orúkọ yín gan-an, pẹ̀lú àmì rẹ̀, wà nínú ìwé náà ní àyè tirẹ̀, òun sì ni ó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé.

Àwọn ará wa láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní ẹjọ́ tiwọn. Àtẹ lẹ́tà ti Faransé ni ọwọ́ wọn mọ̀, níbi tí a wà ní ipò q, tí z sì wà ní ipò w. Ẹni tí kì í wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń tẹ̀wé yóò tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lórí àtẹ tiwa, yóò sì yà á lẹ́nu pé a kọ̀ ọ́. Ìràwọ̀ nìkan ni ó ń hàn, kò lè rí àṣìṣe náà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà sí ibi orúkọ, kí ẹ kà á, kí ẹ sì pa á rẹ́, bí kò bá sí ẹni tí ń wo ẹ̀yìn yín.

Ewu kan kù tí n kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. NFS tí a kò bá fi nǹkan mìíràn kún máa ń gba nọ́ḿbà gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ wá, tí ó ki wáyà wa bọ̀ ọ́, tí ó sì sọ fún ìyá pé òun ni 1057, ìyá yóò ní, "Ẹ káàbọ̀." A ń dín ewu yìí kù nípa kíka àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà 24 náà fún ìyá, pé kí ó má dá ẹlòmíràn lóhùn, ṣùgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì náà ṣeé fara wé. Oògùn tí ó múná ni Kerberos, tí wọ́n ṣe ní MIT nínú iṣẹ́ Athena tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983. Níbẹ̀, olúkúlùkù ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ó bá ti fi ara rẹ̀ hàn, tíkẹ́ẹ̀tì náà ni ó sì ń fi gba àpótí rẹ̀, kì í ṣe nọ́ḿbà tí ó fẹnu sọ.

Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ní àkókò lára, bí ti ọkọ̀ ojú irin. Bí aago kọ̀ǹpútà kan bá fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ yàtọ̀ sí ti ìyá, Kerberos kò ní gbà á. A rí èyí lójú ara wa. Kọ̀ǹpútà kan wà tí a gbé wá láti Èkó, níbi tí aago fi wákàtí kan ṣáájú ti Gánà. (Accra àti Lomé jọ ń ka aago kan náà, Èkó àti Cotonou ni ó wà níwájú.) Ẹnìkan rí i pé aago rẹ̀ kò bá ti ògiri mu, ó sì fi ọwọ́ fà á sẹ́yìn ní wákàtí kan, láìyí orúkọ ìlú tí ó wà nínú rẹ̀ padà. Lójú wa aago náà tọ́. Nínú ikùn rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà gbà pé ní Èkó ni òun wà, àti pé wákàtí kan sẹ́yìn ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ohun tí ó ń ṣe é. Kí gbogbo wọn máa gba aago lọ́wọ́ ìyá, kí ìlú wọn sì jẹ́ Accra: ìlà méjì péré ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Iná mànàmáná ni ọ̀rọ̀ tí ó kù. Ẹ mọ dumsor, ọ̀rọ̀ Twi tí ó túmọ̀ sí pípa àti títàn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà 24 dá dúró, bí ọ̀kan bá kú, ẹnì kan ni ó kan. Nísinsìnyí, bí ìyá bá kú, gbogbo yàrá ti kú. Nítorí náà bátìrì ìdúródè wà lábẹ́ ìyá àti lábẹ́ switch, a sì ti kọ́ ìyá láti pa ara rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́ kí bátìrì náà tó tán. Ní ti NFS, ètò méjì ni ó wà fún fífi iṣẹ́ pamọ́. Ọ̀kan ń sọ pé "ó ti parí" kí iṣẹ́ náà tó kan díìsìkì, ó sì ń yára; èkejì ń dúró títí yóò fi kan díìsìkì kí ó tó fọhùn, ó sì ń falẹ̀. Ní ìlú tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀, èyí tí ń falẹ̀ ni kí ẹ yàn. Kí ẹ sì fi orúkọ olùtọ́jú kan sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, tí kì í ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní ọjọ́ tí ìyá bá ṣàìsàn, ẹ̀yin fúnra yín kò ní lè wọlé láti tọ́jú ohunkóhun.

Díìsìkì méjì ni ó wà nínú ìyá, tí ọ̀kan ń ṣe àwòkọ èkejì. Èyí dára bí díìsìkì kan bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ lórí ọ̀kan ti parẹ́ lórí èkejì lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì mo ń da gbogbo àpótí sórí díìsìkì kẹta, mo sì ń gbé e lọ sí yàrá akápò, níbi tí ó ń sùn nínú àpótí irin pẹ̀lú ìwé owó. Àyè tí a fún olúkúlùkù ni gígábáìtì 4. Mo mọ̀ pé ẹ ń ráhùn nípa rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 240 ni ó wà, díìsìkì náà sì jẹ́ teràbáìtì kan. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà, kí ẹ sì fi fídíò yín sórí fóònù yín.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, a óò ti àkántì rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní fi nọ́ḿbà rẹ̀ fún ẹlòmíràn láéláé, nítorí ẹni tí ó bá gba nọ́ḿbà ni ó gba gbogbo fáìlì tí òkú nọ́ḿbà náà fi sílẹ̀, títí kan èyí tí ó wà lórí díìsìkì akápò. Àwọn tí ó ń jáde lọ́dún yìí ní títí di ìparí oṣù kẹjọ láti wá kó ẹrù wọn. Kí wọ́n mú díìsìkì kékeré wá, kí wọ́n sì wá ní òwúrọ̀, kí iná tó lọ.